Bí Mo Ṣe Ń Pawó Lórí Ìkànnì Ìránṣọ: Ọ̀nà Láádá àti Ọ̀nà Ìpolówó, Láti Ìbẹ̀rẹ̀

"Àǹtí, abẹ́rẹ́ tún ti kán o."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo lè gbọ́ gbólóhùn yìí nígbà mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń sọ ọ́. Àwọn aránṣọ àdúgbò náà máa ń wá béèrè, àwọn tó ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi sì máa ń pè láti ìlú míì. Ìdáhùn kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn: ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára abẹ́rẹ́, ẹ wo irú aṣọ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan tí iná ò sí, mo jókòó, mo tẹ ìdáhùn náà sórí fóònù, mo ya fọ́tò mẹ́rin sí i, mo gbé e sórí ìkànnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra orúkọ rẹ̀. Ojúewé yẹn ló kọ́kọ́ mówó wọlé fún mi lórí ayélujára, òun náà ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù wọlé títí di òní.

Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, kí ẹ̀yin náà lè ṣe tiyín, ì báà jẹ́ irun lẹ ń ṣe, ì báà jẹ́ ẹja lẹ ń sìn, ì báà jẹ́ fóònù lẹ ń tún ṣe.

Ibi tí owó náà ti ń wá

Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà. Èkíní ni láádá. Ẹ mọ iṣẹ́ alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: òun kọ́ ló bí ọmọ, òun kọ́ ló ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun ló mú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà lèyí rí. Ẹ kọ̀wé nípa ọjà kan, ẹ fi líǹkì tó ní àmì tiyín sí i. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ lọ rà á, olùtajà yóò yọ ìdá kan fún yín nínú owó tó rí. Ẹni tó ra ọjà kò san kọ́bọ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí Google, affiliate ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ó tẹ̀. Amazon ti ń ṣe é láti ọdún 1996.

Ọ̀nà kejì ni ìpolówó. Ẹ ya àyè sọ́tọ̀ lójú ewé yín, àwọn ilé-iṣẹ́ á máa du àyè náà bí ẹni ń ra ọjà gbàǹjo, ẹni tó bá fowó lé e jù ni wọ́n á gbé ìpolówó rẹ̀ síbẹ̀. AdSense ti Google, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Nínú gbogbo 100 náírà tí olùpolówó bá ná lọ́dọ̀ Google, nǹkan bí 68 ló ń kan onílé ojúewé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iye ìgbà tí ìpolówó fara han òǹkàwé ni AdSense ń sanwó lé lórí. Tẹ́lẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n máa ń wò jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ènìyàn 400 ka ojúewé yín nípa ẹ̀rọ ìránṣọ lóṣù kan, 40 nínú wọn tẹ líǹkì, méjì péré ló wá ra ẹ̀rọ tó jẹ́ ₦150,000. Bí láádá bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦7,500 nìyẹn lórí ẹ̀rọ kan, ₦15,000 lórí méjèèjì. Ẹ wá wo ti ìpolówó. Ká ní dọ́là kan lẹ ń rí lórí ìwò 1,000. Ènìyàn 400 yẹn kan náà, sẹ́ǹtì 40 ni wọ́n mú wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé láádá ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ìpolówó dára, ṣùgbọ́n ogunlọ́gọ̀ òǹkàwé ló ń gbé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìbéèrè

Ẹ ra ìwé ilé-ìwé kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà, ọmọ iṣẹ́ tàbí ojúlùmọ̀ bá bi yín nípa iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má tún un ṣe, nítorí bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sínú Google.

Nígbà tó bá pé ọgbọ̀n, ẹ fi àmì sí èyí tí owó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè. Ẹni tó ń béèrè ta ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, ìtàn ló ń wá. Ẹni tó ń béèrè pé "ẹ̀rọ aláfọwọ́yí àti alámọ́tò, èwo ni kí n rà fún ọmọ mi tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́" ti tọ́jú owó sílẹ̀, ẹni tó máa là á lójú ló kù. Irú ìbéèrè kejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má kọ nípa ohun tí ẹ ò fọwọ́ kàn rí, bó ti wù kí láádá rẹ̀ pọ̀ tó. Mo máa sọ ohun tí ojú mi rí nípa ìyẹn níwájú.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Yorùbá lẹ fẹ́ kọ àbí Gẹ̀ẹ́sì? Google ní àtẹ àwọn èdè tí AdSense gbà, wọn kò sì gbà kí ènìyàn fi ìpolówó wọn sí ojúewé tí wọ́n kọ ní èdè tí kò sí nínú àtẹ yẹn. Ẹ lọ ka àtẹ náà kí ẹ tó dá ìkànnì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà tó ń san láádá kì í béèrè èdè: bí ọjà bá ti tà, ó tà náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ Yorùbá, kó gbé láádá sí iwájú pátápátá. Ní tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èyí tó pọ̀, mo sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nínú àwọn fídíò tó wà nínú wọn, torí pé àwọn aránṣọ tó ń wò ó fẹ́ gbọ́ orúkọ nǹkan bí a ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Orúkọ àti ilé ìkànnì

Ohun méjì lẹ máa sanwó fún: orúkọ ìkànnì, àti àyè tí ìkànnì máa gbé. Èyí tó parí sí .com tàbí .com.ng, èyíkéyìí dára. Àjọ NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng. Orúkọ ara yín àti ímeèlì ara yín ni kí ẹ fi rà á. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí mo mọ aránṣọ kan tó gbé gbogbo rẹ̀ lé ọmọkùnrin tó bá a ṣe ìkànnì lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà fi orúkọ tirẹ̀ ra orúkọ ìkànnì. Nígbà tí wọ́n jà, iṣẹ́ ọdún méjì bá a lọ.

WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ni mo fi kọ́ tèmi. Ẹni tí kò bá lówó rárá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Blogger, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan àwòṣe ìkànnì (theme) tó fúyẹ́, kí ẹ sì dín fọ́tò kù kí ẹ tó gbé e sókè, torí ńṣe ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ń ra dátà kí wọ́n tó lè wò ó. Bí ojúewé bá ń yí lójú fóònù wọn láìṣí, wọ́n á padà sẹ́yìn. Ẹ kọ ojúewé tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, èyí tó sọ bí wọ́n ṣe lè rí yín, àti èyí tó sọ ohun tí ìkànnì yín ń ṣe pẹ̀lú ìsọfúnni òǹkàwé. Òfin AdSense ní kí ìkẹta yìí wà lórí ìkànnì.

Ojúewé kan, kínníkínní

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ojúewé abẹ́rẹ́ yẹn fún yín, kí ẹ rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Mi ò kí ẹnikẹ́ni, mi ò sọ ìtàn. "Fún àǹkárá, ẹ lo abẹ́rẹ́ 14. Fún ṣífọ́ọ̀nù àti sílíkì, 11. Fún jíǹsì, 16." Ẹni tó bá ń kánjú lè kúrò níbẹ̀, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró, mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí abẹ́rẹ́, bíi 90/14, nọ́ńbà kan náà ni lọ́nà méjì: 90 túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ náà nípọn tó 0.90 mìlímítà, 14 sì ni orúkọ tí àwa ń pè é lọ́jà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ojúewé náà nìyí. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń mú wá bá mi kò burú rárá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi í sí ni kì í ṣe tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ HA×1 ti ẹ̀rọ ilé ní ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè. Abẹ́rẹ́ DB×1 ti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rí roboto yípo. Ọmọ iṣẹ́ á lọ ra DB×1 nítorí wọ́n ní ó le, á fi sí ẹ̀rọ ilé, òwú á máa fò, á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí páálí funfun lẹ́bàá fèrèsé, mo sún fóònù mọ́ wọn títí ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ yẹn fi hàn kedere. Fọ́tò yẹn làwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Kò sí ẹlòmíì tó ní in, èmi ni mo yà á.

Lẹ́yìn àlàyé náà ni líǹkì tó wà fún páálí abẹ́rẹ́ wá jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wà lójú ewé náà: ọ̀kan lẹ́yìn àlàyé, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ti lóye ohun tó ń dùn ún, kò dìgbà tí ẹ bá ń tì í kó tó rà á.

Ibi tí ẹ ó ti gba líǹkì

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tí òǹkàwé yín ń gbé. Líǹkì Amazon kò wúlò fún aránṣọ tó wà ní Ìsẹ́yìn tó ń wá abẹ́rẹ́ láti lò lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa tó wà ní London àti Houston, tí wọ́n ń rán bùbá àti ìró fún òde Sátidé nínú yàrá wọn, Amazon ni ọjà tó sún mọ́ wọn. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ ta ọjà mẹ́ta ó kéré tán láàárín ọjọ́ 180, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti àkáǹtì náà pa. Nítorí náà, ẹ má forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìkànnì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Bí ẹnì kan bá tẹ líǹkì yín, wákàtí 24 ni Amazon fi ń rántí pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Bó bá ti ju ọjà sínú agbọ̀n láàárín àkókò yẹn, ó lè tó ọjọ́ 90. Ti Britain àti ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ síra, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa forúkọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi líǹkì yín rajà fún ara yín.

Fún ẹ̀kọ́ fídíò àti ìwé orí ayélujára, Selar wà, iléeṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ló ń sọ iye láádá tó máa fún alárinà, kì í sì í kéré, torí fídíò kò ní owó ọkọ̀ tàbí páálí. Mo ń fi líǹkì ẹ̀kọ́ gígé pátánù síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ra ẹ̀kọ́ náà, mo wò ó parí, mo gé bùbá kan pẹ̀lú rẹ̀ kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sí lórí ayélujára rárá. Mo lọ bá oníṣòwò kan tó ń ta ohun èlò ìránṣọ ní Ògùnpa. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà rẹ̀ láti ojúewé mi tó sì ní "Abẹ́rẹ́ Mẹ́rìnlá ló rán mi", ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ó ń kọ wọ́n sínú ìwé, a sì ń ṣírò rẹ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Náírà ló fi ń san án, ọjọ́ náà gan-an ni mo ń gbà á. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlú yín kí ẹ tó máa wá ti òkè òkun.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí mo ní mo máa sọ. Olùtajà kan lórí ayélujára ń san láádá tó ga nígbà kan lórí mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò rí mọ́tò náà sójú, fọ́tò rẹ̀ ni mo rí. Mo kọ ọ́ pé ó dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo. Kò bú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní ká rà á. Ó ti jó, aṣọ àǹkóò àwọn ènìyàn sì wà lọ́wọ́ mi." Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dá owó mọ́tò padà fún un láti àpò ara mi, mo sì pa ojúewé náà rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ohun tí mi ò bá tíì fi ránṣọ, líǹkì rẹ̀ kò ní jáde lọ́dọ̀ mi.

Ẹ sọ ọ́ fún wọn

Lókè líǹkì, níbi tí ojú ti máa kọ́kọ́ dé, ẹ kọ ọ́: "Bí ẹ bá gba líǹkì yìí rajà, olùtajà yóò fún mi ní láádá díẹ̀, iye tí ẹ ó san kò yí padà." Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, sọ ọ́ di dandan, Amazon náà ní gbólóhùn tirẹ̀ tó fẹ́ kí ẹ kọ. Mi ò rí òǹkàwé kan tó bínú sí i rí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ̀wé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ gba líǹkì mi kí n lè rí nǹkan. Ẹ tún fi àmì "sponsored" sára líǹkì náà nínú WordPress, ohun tí Google ní ká máa ṣe láti ọdún 2019.

Ìpolówó, nígbà tí òǹkàwé bá ti dé

Google kò sọ iye ojúewé tó gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó gbà yín. Ní tèmi, mo dúró títí mo fi ní nǹkan bí 25 tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, àkáǹtì kan ṣoṣo ni ènìyàn kan sì lè ní. Orúkọ tí ẹ máa fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti báńkì mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ ó lẹ kóòdù wọn mọ́ ìkànnì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n tún máa ní kí ẹ gbé fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ ads.txt sórí ìkànnì. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà.

Bí owó yín bá ti tó dọ́là 10, Google á fi lẹ́tà tó ní nọ́ńbà PIN ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín. Lẹ́tà oníwèé ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé e wá. Àdírẹ́sì tí ènìyàn lè rí ni kí ẹ lò: àpótí lẹ́tà ibi iṣẹ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì yín sàn ju "ilé kejì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" lọ. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹ ò tíì tẹ nọ́ńbà náà wọlé, ìpolówó á dúró. Bí lẹ́tà kò bá dé, ẹ béèrè òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìpolówó ara yín, ẹ má sì jẹ́ kí ará ilé tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á ṣí ìkànnì, wọ́n á máa tẹ ìpolówó níkọ̀ọ̀kan, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù kan náà ni gbogbo wọn wà. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí mo wà lọ́dọ̀ wọn nígbà náà ti àkáǹtì mi pa kí oṣù kan tó pé, owó inú rẹ̀ sì lọ. Wọn ò jẹ̀bi, ẹ̀bi mi ni, èmi ni mi ò ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ "tẹ tèmi kí n tẹ tìrẹ" tó wà lórí WhatsApp, ibì kan náà ló ń gbé ènìyàn lọ.

Ní ti ibi tí ìpolówó máa wà, mi ò fi ọ̀kan sókè ìdáhùn. Mi ò sì fi í sítòsí bọ́tìnì tí ọwọ́ lè ṣèèṣì kàn. Ìpolówó mẹ́ta ti tó fún ojúewé gígùn. Àwọn olùpolówó máa ń fowó lé òǹkàwé tó wà ní Amẹ́ríkà àti Britain ju ti ilé lọ. Ìyẹn ló mú kí ojúewé mi lórí wíwé gèlè, tí àwọn ọmọ wa tó ń gbé lẹ́yìn odi ń wá, máa mówó ìpolówó wọlé ju ti abẹ́rẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láádá rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí òǹkàwé yín bá wà ní Britain tàbí ní Yúróòpù, Google fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ wọn lórí kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí ìkànnì fi ń rántí ẹni tó wá síbẹ̀. Nínú AdSense fúnra rẹ̀ lẹ ti máa rí ìfiránṣẹ́ tó ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni.

Owó dé

Dọ́là 100 ni AdSense ń dúró dè. Bó bá ti pé, láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ní Nàìjíríà, àkáǹtì dọ́mísílíárì, èyí tó ń gba dọ́là, lẹ máa ṣí, kí ẹ sì gba SWIFT kóòdù, àmì tí wọ́n fi ń dá báńkì mọ̀ láti òkè òkun, lọ́wọ́ báńkì. Ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá wọlé láti òkè òkun. Bó bá pọ̀, ẹ sún ìwọ̀n owó tí AdSense máa fi ránṣẹ́ sókè, kó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026 kò gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ṣùgbọ́n ìwé yẹn lẹ máa fi hàn wọ́n.

Iṣẹ́ oṣooṣù

Google Search Console kò gba owó. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn kan ń wá abẹ́rẹ́ fún aṣọ àrán tó ń fà, wọ́n sì ń bọ́ sórí ojúewé àǹkárá mi, níbi tí kò sí ohunkóhun fún wọn. Mo ra àrán ọ̀pá kan, mo fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu roboto rán an, mo tún fi abẹ́rẹ́ lásán rán an, mo ya fọ́tò ibi tí òwú ti fò, mo kọ ojúewé tirẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí oníbàárà tó dé, mo ń ṣí gbogbo líǹkì mi níkọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Bí ọjà kan bá ti tán tàbí tí owó rẹ̀ ti yí, mo yọ líǹkì náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti tán, mo sì fi nọ́ńbà abẹ́rẹ́ sílẹ̀ gàdàgbà kí aránṣọ náà lè mú un lọ sọ́jà tó bá sún mọ́ ọn.